Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Oòrùn Bọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ bọ́tìnnì lára ògiri lónìí kí iná tó tàn, ẹ gbà mí láyè kí n rọra mú yín padà sí ìgbà tí iná Adja-Ouèrè ìlú wa ń gbé inú píìlì, ìyẹn bátìrì kékeré tí wọ́n fi ń tan tọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní yára, nítorí kò sí ohun tó ń lé mi.

Ayé Ẹhúzù ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe àkókò Rẹfolúṣọ̀n, nígbà tí gbogbo wa di kamaráàdì, tí ẹni tó ń ṣe olórí ìlú kò jẹ́ baálẹ̀ mọ́, tó ń jẹ́ délégé. Kò sí wáyà iná kankan ládùúgbò wa. Rédíò ń jẹ píìlì, tọ́ọ̀ṣì ń jẹ píìlì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè níbi ìkómọ ń jẹ bátìrì tí wọ́n tú lára ọkọ̀. Píìlì kì í sì í fìgbà gbogbo wà lọ́jà. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nù nígbà àkọ́kọ́ tó bá kú. A ó kó o sórí páànù, oòrùn á yan án láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ó kó o sọ̀kalẹ̀ ní gbígbóná, a ó tì í bọ inú rédíò, rédíò á sì tún sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ẹní. Ẹni tó bá gun ọ̀pẹ ní Massè, abúlé ẹ̀gbẹ́ wa, lọ́sàn-án, tó wo orí ilé gbogbo, píìlì ló máa rí tó tò lọ bí ẹja tí wọ́n sá.

Èmi ni mo ń tún rédíò ṣe. Mo ní àtíbàbà kan lẹ́nu ọjà, tábìlì kan, irin tí mo fi ń jó òjé, àti àpótí kan fún àwọn tó ń dúró de rédíò wọn. Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ti ń tún rédíò ṣe kí ẹ̀rọ ìwọ̀n tó dé ìlú wa. Ahọ́n ni bàbá yẹn fi ń wọn píìlì nígbà náà. Bó bá fi ahọ́n kàn án, tí ojú rẹ̀ fún pọ̀, píìlì yè. Bí ojú rẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, píìlì ti lọ. Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, ó fi mútímẹ́tà kan ta mí lọ́rẹ, ó ní kí n tọ́jú ahọ́n mi fún ọbẹ̀.

Mútímẹ́tà ni ẹ̀rọ tí àwa oníṣẹ́ iná fi ń wọn agbára iná. Okùn méjì ló ní, pupa kan, dúdú kan. Ẹ fi ẹnu ọ̀kan kan orí píìlì, ẹ fi ti èkejì kan ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ á sọ iye fóòtì tó wà nínú rẹ̀, nítorí fóòtì la fi ń ka agbára iná bí a ṣe ń fi kílò ka ìwúwo. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ yòókù ní nígbà yẹn, irin tín-ín-rín kan ló ń mì nínú rẹ̀ bí ọwọ́ aago, tí ẹ ó máa tẹ orí sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó mọ ohun tó ń tọ́ka sí. Tèmi kò ní ọwọ́. Nọ́ńbà ló ń kọ jáde sójú gíláàsì, dúdú kirikiri.

Àwọn ará Adja-Ouèrè fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi gan-an lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Délégé. Wọ́n ní kì í rojọ́, nọ́ńbà ló ń kà, ohun tó bá sì ti kà, ó di òfin. Délégé ìlú fúnra rẹ̀ gbọ́, ó wá wò ó, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ṣì sàn jù ú lọ nítorí pé òun ní irùngbọ̀n.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yìí lọ́dún kan náà, mo sì fẹ́ kí ẹ fi méjèèjì sọ́kàn. Àkọ́kọ́, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò kú, ṣùgbọ́n igun gíláàsì rẹ̀ lápá òsì sán. Mo lọ bẹ nọ́ọ̀sì fún sìpárádà, ìyẹn aṣọ alẹ̀mọ́ funfun tí wọ́n fi ń bo egbò, mo gé e níwọ̀n èékánná, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó sán. Nọ́ńbà kì í dé igun yẹn, nítorí náà mi ò pàdánù nǹkan kan, lójú tèmi. Ìkejì, nígbà ọyẹ́, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ẹ̀rọ náà ní píìlì tirẹ̀ nínú, onígun mẹ́rin kan báyìí tó ní orí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo wá irú rẹ̀ títí, mo dé Pobè, kò sí. Kí ni mo ṣe? Mo ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe. Mo gbé e sórí páànù fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo dá a padà sínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà dúdú padà bí ẹni tí wọ́n kun tìróò. Mo yin ara mi, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Láti ìgbà yẹn ni Délégé ti bẹ̀rẹ̀ sí í lawọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ nínú ìlawọ́ rẹ̀ ni awakọ̀ báṣé, ọkọ̀ tí wọ́n da aṣọ bò lẹ́yìn, tó ń kó èrò lọ sí Àjàṣẹ́, ọkùnrin kan báyìí tó fẹ́ràn ara rẹ̀, tó máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ sójú fèrèsé ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wọn bátìrì òun. Fóòtì méjìlá ni bátìrì ọkọ̀ ń jẹ́, bó bá yó dáadáa ó lè lé díẹ̀. Tirẹ̀ fi mẹ́rìnlá hàn. Mo ní ó dára púpọ̀. Ó tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fi mẹ́rìndínlógún hàn. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ti pé lé wa lórí, awakọ̀ náà sì ti ń gbọn ara. Ó ní òun ti mọ̀ pé ọkọ̀ òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń pe èrò, kì í pe orúkọ ìlú tó ń lọ nìkan mọ́. Á ní, "Ẹ wọlé, mẹ́rìndínlógún ló ń lọ Àjàṣẹ́." Àwọn ìyá tó ń gbé epo pupa lọ tà yóò sì máa dúró dè é, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ méjìlá kọjá.

Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Gbogbo ẹni tó ní bátìrì ló fẹ́ mọ tirẹ̀. Ẹni tó gba mẹ́rìndínlógún ń kí ẹni tó gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹni ń kí àbúrò. Wọ́n ní àwọn ará Pobè tó ń ṣe fáàrí sí wa láti ọjọ́ yìí, méjìlá péré ni wọ́n ní lọ́hùn-ún. Èmi náà sì jókòó láàárín wọn, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó bí bátìrì wọ̀nyẹn lọ́mọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọmọbìnrin kan.

Bàbá rẹ̀ ń dá ẹmu ní Massè. Òun fúnra rẹ̀ ń ránṣọ, ó sì máa ń wá sí ọjà wa ní gbogbo ọrún tí ọjà bá ná. Nígbàkígbà tó bá ń bọ̀, á di píìlì rédíò bàbá rẹ̀ mẹ́fà sínú aṣọ pelebe kan, á ní kí n wọ̀n wọ́n, kí àwọn lè mọ èyí tó yẹ kó lọ sórí páànù àti èyí tó ṣì lè ṣiṣẹ́. Píìlì mẹ́fà kò yẹ kó gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi ń lo bíi wákàtí kan. Mo máa ń nu orí píìlì, màá nu ìdí rẹ̀, màá gbé e sétí bí ẹni pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé píìlì lẹ ń wọ̀n ni àbí ojú mi?" Mo ní méjèèjì ni. Ó ní fóòtì mélòó wá ni ojú òun? Mo ní ẹ̀rọ mi kò ní nọ́ńbà tó tó bẹ́ẹ̀. Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ní ọrún tó tẹ̀lé e, ó tún wá.

Mo rán ẹ̀gbọ́n ìyá mi sí bàbá rẹ̀ láti tọrọ rẹ̀ fún mi. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu ẹmu fún un, ó ní òun ti gbọ́, òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n òun ṣì ń wo ọwọ́ onírédíò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè mí, Onírédíò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi padà wá sọ fún mi pé ó kù díẹ̀, kí n ṣáà máa ṣiṣẹ́ mi dáadáa.

Bàbá yìí, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ìkéde òkú lórí rédíò. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ ń dùn sí ikú o. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fọ́n ká láti Kétu dé Sakété, ó sì ti pinnu pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí wọn ó sin láìsí agbè ẹmu òun níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bí ìkéde bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ húkọ́ nínú ilé náà.

Ní ọrún kan, ọmọbìnrin náà gbé píìlì mẹ́fà wá bó ṣe máa ń ṣe. Mo wọ̀n wọ́n. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ọ̀kan àtààbọ̀ hàn, nọ́ńbà kan náà gan-an tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lára nílé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Mo ní wọ́n yè kooko, kí Bàbá má wulẹ̀ sá wọn, kó má sì ra òmíràn. Ó kó wọn lọ sílé. Rédíò kò fọhùn. Bàbá ní kò burú, bí Onírédíò bá ní píìlì yè, a jẹ́ pé rédíò ló ń ṣàìsàn, ó sì gbé e kalẹ̀ kó sinmi di ọrún tó ń bọ̀. Láàárín ọjọ́ yẹn ni wọ́n kéde ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Sakété. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi dé etí bàbá láti ẹnu èrò ọkọ̀, tó fi gbé agbè ẹmu rẹ̀ débẹ̀, àwọn olókùú ti ń to àga jọ láti dá a padà fún ẹni tó ni í. Wọ́n gba ẹmu náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ó ní àìsọ̀rọ̀ wọn ló dun òun jù.

Lọ́jọ́ ọjà, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ó gbé rédíò dání, ó di píìlì mẹ́fà sínú aṣọ ọmọ rẹ̀, ó sì so tọ́ọ̀ṣì kan mọ́ bàǹtẹ́ tó fi ń gun ọ̀pẹ. Awakọ̀ báṣé wà níbẹ̀, èrò wà níbẹ̀. Bàbá kí mi, ó kí iṣẹ́ mi, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní kí n tún píìlì yẹn wọ̀n lójú òun. Mo wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan àtààbọ̀, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Bàbá mú méjì nínú wọn, ó tì wọ́n bọ inú tọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó, ó tẹ̀ ẹ́. Iná tó jáde kò tó ti ìdí kòkòrò mùnàmúná. Ó ya píìlì tuntun méjì kúrò nínú ìwé wọn, ó tì wọ́n bọ̀ ọ́. Iná tàn yòò, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan.

Ojú gbogbo ènìyàn kúrò lára tọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ sára mi. Mo yọ àwọn píìlì tuntun yẹn, mo fi okùn kàn wọ́n kí n lè rí nǹkan sọ. Méjì gééré. Píìlì tí wọ́n kọ ọ̀kan àtààbọ̀ sí lára ń jẹ́ méjì. Awakọ̀ báṣé ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, ayé ti yí padà, ṣebí Ẹhúzù ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá dìde. Kò gbé ohùn sókè.

"Onírédíò, mo fún ọ di ọjà tó ń bọ̀. Wá sọ fún mi ẹni tó purọ́ láàárín yín: ìwọ ni o, ẹ̀rọ rẹ ni o, àbí tọ́ọ̀ṣì mi. Bí o bá rí i sọ, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ wá jókòó nílé mi. Bí o kò bá rí i sọ, kó má wulẹ̀ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu mọ́."

Ó fi rédíò àti gbogbo píìlì sílẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Ní ọjọ́ kìíní, okùn ni mo fura sí. Mo bó ara wọn, mo gé wọn, mo tún wọn jó pẹ̀lú òjé tuntun, mo wọn píìlì tuntun yẹn: méjì. Ní ọjọ́ kejì, mo tú ẹ̀rọ, mo fi ẹsánsì, epo ọkọ̀, fọ ojú irin abẹ́ bọ́tìnnì tí a fi ń yí i, èyí tó máa ń dọ̀tí, mo fẹ́ ẹ gbẹ, mo dì í padà: ó lé ní méjì. Mo wo fíísì tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ, ó wà ní pípé. Mo yọ ọ́, mo dá a padà, mo bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ yìí tó ni nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sókè sí i, bí ìyàwó tí ọkọ ń kẹ́ tó ń gbéraga.

Ohun kan ṣáà yé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Píìlì tuntun tí mo wọ̀n láàárọ̀, mo tún un wọ̀n nírọ̀lẹ́. Orí tábìlì ló wà látàárọ̀, kò sẹ́ni tó lò ó, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Kò sí píìlì tó ń sanra lórí ìjókòó. A jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì jàre, píìlì jàre. Ó ku èmi àti Délégé.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà yọ. Ó ní òwú ìránṣọ ni òun wá rà, òwú kò sì sí ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí àtíbàbà mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú mi tí oorun ò tó. Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún un, okùn, ẹsánsì, fíísì. Ó gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Mo ní píìlì ni.

"Ta ló ń wọn ti òun?"

Kò sẹ́ni tó ń wọn ti Délégé. Òun ló ń wọn ti gbogbo ìlú.

Ó nawọ́ gbé ẹ̀rọ náà. Ó ní aṣọ egbò wo ni mo lẹ̀ mọ́ ọn lójú yìí, ṣé ojú ń dùn ún ni. Kí n tó ní kó fi í sílẹ̀, ó ti fi èékánná ká sìpárádà náà kúrò. Mo yí bọ́tìnnì kí n lè fi hàn án pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀. Ní igun òsì gíláàsì náà, lábẹ́ ibi tó sán, lẹ́tà kéékèèké mẹ́ta jókòó jẹ́ẹ́: BAT. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ló fi í síbẹ̀, kó máa yọ nígbà tí píìlì inú rẹ̀ bá ń kú lọ. Láti ìgbà ọyẹ́ ni Délégé ti ń sọ fún mi pé ebi ń pa òun, èmi ni mo fi aṣọ egbò dí i lẹ́nu.

Mo yọ píìlì onígun mẹ́rin yẹn. Mo rántí ọ̀gá mi, mo sì fi orí rẹ̀ méjèèjì kan ahọ́n. Bó bá yè, ó yẹ kó gé mi jẹ bí ìjàlọ. Ó dà bí ìgbà tí mo lá ṣíbí. Ọmọbìnrin náà ń wo ojú mi, ó ní, "Kò fún pọ̀ rárá." Mo ti sọ ìtàn ọ̀gá mi fún un rí, nígbà tí mo ń fi wákàtí kan wọn píìlì mẹ́fà.

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ irú èyí, ó ní ìwọ̀n kan nínú tó fi ń díwọ̀n ti ẹlòmíràn, píìlì inú rẹ̀ ló sì ń gbé ìwọ̀n yẹn dúró. Bí píìlì bá rọ, ìwọ̀n yẹn náà á kéré, ohun gbogbo tó bá fi wọ̀n á wá dà bíi pé ó tóbi. Ẹ rò ó bí ìyá tó ń ta gààrí, tí agolo rẹ̀ kéré: àpò gààrí kan náà á pé agolo púpọ̀. Oòrùn mi ti jí píìlì náà tó láti kọ nọ́ńbà, kò jí i tó láti kọ èyí tó tọ́.

Ó ku ẹni tí màá rán sí Àjàṣẹ́ fún píìlì tuntun kí ọjọ́ tó pé. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin: awakọ̀ mẹ́rìndínlógún. Mo júwe ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi fún un, mo ní Délégé nílò oúnjẹ tuntun. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á mú èyí tó lágbára jù wá, bóyá bátìrì òun á lè pé ogún. Mo ní kó máa lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Ọjọ́ ọjà pé. Awakọ̀ gbé píìlì náà wá sínú àpò àyà rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì ti tú bátìrì ọkọ̀ sílẹ̀ de ìwọ̀n. Bàbá dé, ó jókòó sórí àpótí, tọ́ọ̀ṣì lórí orúnkún. Mo ti píìlì tuntun bọ ẹ̀rọ lójú gbogbo wọn. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn lọ. Mo wọn píìlì tuntun Bàbá: ọ̀kan àtààbọ̀. Mo wọn mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀: ọ̀kan lé díẹ̀, òkú ni wọ́n. Mo wá yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, tọ́ọ̀ṣì yín kò purọ́. Ẹ̀rọ náà kò fẹ́ purọ́, ebi ló ń pa á. Èmi ni mo fún un ní oòrùn jẹ, tí mo sì dí i lẹ́nu nígbà tó fẹ́ sọ."

Bàbá ní, "Oòrùn?"

Mo ní oòrùn ni. Orí páànù ni mo gbé píìlì rẹ̀ sí.

Orí òrùlé Bàbá náà kò ṣófo lọ́jọ́ yẹn, òun náà sì mọ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín sì jáde, ẹ̀rín adẹ́mu tó ń ti inú ikùn wá.

"Gbogbo wa la ń fún rédíò ní oòrùn jẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ebi bá pa rédíò tèmi, ńṣe ló ń dákẹ́. Tìrẹ, bí ebi bá pa á, ńṣe ló ń fọ́nnu."

Gbogbo ẹnu ọjà bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹnìkan. Awakọ̀ báṣé ti fi okùn méjèèjì kan bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Méjìlá. Ó yọ ọ́, ó tún un fi kàn. Méjìlá. Ó wò mí bí ẹni tí mo jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé. Ó ní kí n jọ̀ọ́ dá píìlì ti tẹ́lẹ̀ padà, píìlì yẹn ló mọ ọkọ̀ òun. Nígbà tí mo kọ̀, ó bẹ̀ mí kó di tòun, mo sì fi ta á lọ́rẹ. Ó so ó mọ́ iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ibẹ̀ ló wà títí ọkọ̀ náà fi bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yé pe mẹ́rìndínlógún rẹ̀. Àwọn ìyá elépo ṣì ń dúró dè é, wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára.

Bàbá kò tíì parí pẹ̀lú mi. Ó ní òun ti gbọ́ èyí tí mo sọ fún òun, ṣùgbọ́n ní Sakété, àwọn olókùú ṣì rò pé òun ló fi ẹmu àìbìkítà kí wọn. Ó ní kí n lọ. Nítorí náà ni mo fi wọ ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú agbè ẹmu láàárín ẹsẹ̀ mi, tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn tí mi ò mọ̀ rí, tí mo ń ṣàlàyé fóòtì fún wọn. Opó ilé náà gbọ́ mi títí, ó ní òun kò mọ ohun tí mo ń sọ, àmọ́ òun mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ọkọ òun kò ní hùwà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ní báyìí tí mo ti wà níbẹ̀, kí n bá òun wo rédíò olóògbé, ó ti ń kùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Píìlì ẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tún lọ sí Massè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pẹ́ tó fi padà, ó sì ń kọrin bọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó mi wá, ẹrù rẹ̀ pọ̀, mi ò lè ka gbogbo rẹ̀: àwo, ẹní, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọkùnrin méjì gbé. Lórí gbogbo rẹ̀, nínú aṣọ pelebe tó fi ń di píìlì, mo rí tọ́ọ̀ṣì kan. Mo bi í pé ta ló ní kó gbé e wá. Ó ní bàbá òun ni. Bàbá òun ní kí òun gbé e sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, bí ọkọ òun bá tún ti ka nọ́ńbà kan fún òun, kí òun kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì wò.

Ó ṣì ń tàn. Bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ńlá nílé, tí mo ń pariwo bí mo ṣe jẹ́ ní ìgbà ọ̀dọ́, ìyàwó mi kì í bá mi jiyàn. Á kàn bi mí pé ṣé mo ti jẹun.